Among Us lẹ́yìn tí èrò ti túká

Ènìyàn mẹ́rin ni Among Us, géèmù orí fóònù àti kọ̀ǹpútà, ń béèrè kó tó bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá jẹ́ mẹ́ta péré, bọ́tìnì ìbẹ̀rẹ̀ kò ní jẹ́, ẹ ó kàn máa rìn káàkiri inú gbọ̀ngàn ìdúró ni. Nọ́ńbà kékeré yìí ló yẹ ká kọ́kọ́ yẹ̀ wò bí ẹnikẹ́ni bá bèèrè pé ṣé òkìkí àwọn géèmù àṣepọ̀, ìyẹn àwọn tí ènìyàn kì í dá gbá, yóò tọ́jọ́. Iye mílíọ̀nù tí ìwé ìròyìn ń kà ń sọ bí ariwo ṣe pọ̀ tó lọ́jọ́ kan ni. Èyí tí mo fẹ́ mọ̀ nípa géèmù kí n tó sọ pé yóò ṣì wà lọ́dún kẹwàá ni pé ènìyàn mélòó ló kéré jù tó fi lè dùn, àti pé ta ló ni ilẹ̀ tí wọ́n ti ń gbá a.

Innersloth, ilé-iṣẹ́ kékeré kan ní Amẹ́ríkà, ló ṣe Among Us. Ó jáde sórí fóònù ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹfà ọdún 2018, ó sì dé orí kọ̀ǹpútà nípasẹ̀ Steam, ọjà géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì, ní oṣù Kọkànlá ọdún yẹn. Fún bí ọdún méjì, ènìyàn díẹ̀ ló mọ̀ ọ́n. Àwọn tó ń gbá géèmù fún èrò ìwòran lórí fídíò ní South Korea àti Brazil ló tètè gbé e lárugẹ, kó tó kan àwọn ti Amẹ́ríkà ní àárín ọdún 2020, nígbà tí COVID-19 ti sé gbogbo ayé mọ́lé. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, àwọn tó wà lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà lórí Steam nìkan lé ní 400,000. Nígbà tó di oṣù Kọkànlá, SuperData, ilé-iṣẹ́ tó ń ka iye àwọn tó ń gbá géèmù, ṣírò pé ó tó nǹkan bí ìdajì bílíọ̀nù ènìyàn tó gbá a láàárín oṣù kan ṣoṣo. Innersloth ti kéde Among Us 2 ní oṣù Kẹjọ. Nígbà tí wọ́n rí bí èrò ṣe ń ya wá, wọ́n fagi lé e ní oṣù Kẹsàn-án, wọ́n ní àwọn yóò kúkú tún ti àkọ́kọ́ ṣe. Ìpinnu gidi nìyẹn. Bí wọ́n bá ní kí èrò kó kúrò nínú ilé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ lọ sí òmíràn, ọ̀pọ̀ wọn ni ì bá yà sọ́nà ibòmíràn.

Bó ṣe ń lọ nìyí. Gbogbo yín wà nínú ọkọ̀ kan tó ń rin àárín ìràwọ̀. Ọmọ ọkọ̀ ni ọ̀pọ̀ yín, ṣùgbọ́n ọ̀kan sí mẹ́ta nínú yín jẹ́ ọ̀dàlẹ̀, èyí tí géèmù ń pè ní Impostor. Ọmọ ọkọ̀ ní iṣẹ́ kéékèèké tó ń ṣe káàkiri: ó ń so wáyà mọ́ wáyà ní àwọ̀ sí àwọ̀, ó ń da ìdọ̀tí nù, ó ń bu epo sí ẹ́ńjìnnì, ó ń fa káàdì ìdánimọ̀ lójú ẹ̀rọ. (Káàdì yìí ló ń mú ẹni tuntun bínú jù. Ẹ fà á kánkán, ẹ̀rọ kọ̀ ọ́. Ẹ fà á jẹ́jẹ́ jù, ó tún kọ̀ ọ́. Ẹ fi ìka fà á ní ìrìn kan náà láti òpin dé òpin, ẹ má ṣe dúró láàárín.) Ọ̀dàlẹ̀ kò ní iṣẹ́ kankan, ó ń díbọ́n ni. Ó ń pani, ó ń gba ihò atẹ́gùn sá, ó lè pa iná, ó lè ti ilẹ̀kùn mọ́ ènìyàn. Ẹni tó bá rí òkú á tẹ bọ́tìnì, gbogbo yín á pàdé, ẹ ó jiyàn, ẹ ó dìbò, ẹ ó sì ti ẹnì kan jáde kúrò nínú ọkọ̀. Bí gbogbo iṣẹ́ bá parí tàbí tí ẹ bá lé ọ̀dàlẹ̀ tán, ọmọ ọkọ̀ ló jẹ ẹ́. Bí iye ọ̀dàlẹ̀ bá bá iye ọmọ ọkọ̀ dọ́gba, ọ̀dàlẹ̀ ló jẹ ẹ́.

Ìpàdé yẹn ni géèmù. Ìyókù, rírìn àti síso wáyà, kò yàtọ̀ sí iṣẹ́ ọwọ́ tí ènìyàn ń fi ṣeré nígbà tó ń dúró de ọ̀rọ̀. Ẹni tó ń dúró ti ayò ọlọ́pọ́n yóò mọ ohun tí mò ń wí. Àwọn méjì ló ń ta ayò, ṣùgbọ́n àwọn tó yí wọn ká, tí wọ́n ń bu ọ̀pẹ̀, tí wọ́n ń ki ọ̀ta, ni kì í jẹ́ kí ìdí igi náà ṣófo. “Mo kọ́ta, mo kọ́pẹ̀ o.” “Ọ̀ta ń jẹ́, ọ̀pẹ̀ ò gbọdọ̀ fọhùn.” Among Us gbé ariwo ẹ̀gbẹ́ ọpọ́n yẹn wọ inú ọpọ́n fúnra rẹ̀. Ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀ dáadáa á kú láìṣẹ̀, ẹni tí ẹnu rẹ̀ dùn á pa mẹ́ta kí wọ́n tó fura sí i.

Nítorí náà, iye ènìyàn ṣe pàtàkì ju ohun gbogbo lọ. Mẹ́rin lè bẹ̀rẹ̀, àmọ́ ẹ má retí adùn. Bí ọ̀dàlẹ̀ bá pa ẹnì kan, ó ku mẹ́ta. Bí ẹ bá ṣi ìbò dì lẹ́ẹ̀kan péré, ó ku ọ̀dàlẹ̀ kan àti ọmọ ọkọ̀ kan, eré parí. Mẹ́fà pẹ̀lú ọ̀dàlẹ̀ kan ń fún yín ní ààyè láti ṣi ìbò dì lẹ́ẹ̀kan kí ẹ sì ṣì wà láàyè, ìyẹn ti di eré. Géèmù kì í gbà kí ẹ lo ọ̀dàlẹ̀ méjì àyàfi tí ẹ bá pé méje, mẹ́ta kò sì ṣeé ṣe àyàfi tí ẹ bá pé mẹ́sàn-án. Lójú tèmi, mẹ́jọ sí mẹ́wàá pẹ̀lú ọ̀dàlẹ̀ méjì ni ibi tó ti dùn jù. Láti oṣù Kẹfà ọdún 2021, ènìyàn 15 lè wọlé, ṣùgbọ́n ìpàdé ẹni 15 máa ń di ariwo ọjà, kò sẹ́ni tó ń gbọ́ ẹnì kejì rẹ̀.

Ètò tí olùgbàlejò bá ṣe kí eré tó bẹ̀rẹ̀ ló ń sọ bóyá ilẹ̀ á mọ́ bá yín nídìí ẹ̀ tàbí kí gbogbo ènìyàn lọ sùn. Kill Cooldown ni àkókò tí ọ̀dàlẹ̀ gbọ́dọ̀ dúró kó tó tún pa ẹlòmíràn. Fún ẹni mẹ́wàá, ẹ fi sí ìṣẹ́jú-àáyá 25 tàbí 30. Bó bá kéré sí 20, ọmọ ọkọ̀ á ti kú tán kí ọ̀rọ̀ tó délẹ̀; bó bá lé ní 40, iṣẹ́ á parí kí ọ̀dàlẹ̀ tó rí ọwọ́ yọ. Ẹ má fi àkókò ìbò sílẹ̀ ju ìṣẹ́jú-àáyá 90 lọ, nítorí pé àwọn tó ti kú ń dúró, ẹni tó kú tó sì dúró pẹ́ ló máa ń jáde lọ. Visual Tasks ni àwọn iṣẹ́ tí gbogbo ènìyàn lè fojú rí pé ènìyàn ṣe ní tòótọ́, bí i ti yàrá àyẹ̀wò ara. Ẹni tó bá ṣe é níwájú ẹlòmíràn ti gba ìwé ẹ̀rí pé òun kọ́ ni ọ̀dàlẹ̀. Ẹ jẹ́ kó wà fún àwọn tuntun, ẹ pa á fún àwọn tó ti mọwọ́ rẹ̀. Bákan náà ni Confirm Ejects, tó ń sọ fún yín bóyá ẹni tí ẹ lé jẹ́ ọ̀dàlẹ̀ lóòótọ́. Ẹ wò ó lẹ́yìn eré márùn-ún àkọ́kọ́. Bí ọ̀dàlẹ̀ kò bá borí rí, ẹ pa á.

Ọ̀nà méjì ló wà láti gbá a. Èyí tí ọ̀pọ̀ mọ̀ ni orí íntánẹ́ẹ̀tì: olùgbàlejò ṣí yàrá, ó gba kóòdù lẹ́tà mẹ́fà, ó fi ránṣẹ́ sínú ẹgbẹ́ WhatsApp. Kí gbogbo yín yan agbègbè server (ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ tó ń so yín pọ̀) kan náà ṣáájú, torí ibẹ̀ ni kóòdù ti máa ń kọ̀. Bí ìdílé bá wà ní Ìbàdàn àti London, Europe ló dára jù. Ẹ sì rántí aago: láti òpin oṣù Kẹta dé òpin oṣù Kẹwàá, aago Nàìjíríà àti ti Britain jọ ń lọ ni, nígbà òtútù wọn, a fi wákàtí kan ṣáájú wọn. Ẹni tó wà ní Houston á fi wákàtí mẹ́fà tàbí méje wà lẹ́yìn, nítorí náà aago mẹ́sàn-án alẹ́ wa ni ọ̀sán tirẹ̀. Géèmù náà kò ní ìpè ohùn. Ẹ ó pe ara yín lórí WhatsApp tàbí Discord, áàpù ìpè mìíràn. Ní ọdún 2020, mẹ́jọ ni ìpè WhatsApp ń gbà nígbà tí Among Us ń gba mẹ́wàá, èyí sì lé ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ lọ sí Discord. Lónìí, ìpè WhatsApp ti tó ẹni 32.

Ibi tí ìpè yìí ti ń dàrú: lórí fóònù tí RAM rẹ̀ kò ju 2GB lọ, Android lè pa géèmù láti fi ààyè sílẹ̀ fún ìpè, ẹni náà á sì já bọ́ láàárín eré. Kó lo fóònù kejì fún ìpè, tàbí kó pa gbogbo ohun tó kù kó tó wọlé. Èkejì ni pé ẹni tó bá kú kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀, àní “háà” lásán. Ìdí nìyẹn tí kálukú fi gbọ́dọ̀ pa máìkì rẹ̀ nígbà iṣẹ́, kí ó ṣí i nígbà ìpàdé nìkan, òkú kò sì ní ṣí tirẹ̀ mọ́ títí eré á fi parí. Ẹgbẹ́ tí kò bá fi òfin yìí lélẹ̀ kò ní gbá ju eré mẹ́ta lọ kí wọ́n tó jà.

Ọ̀nà kejì ni mo fẹ́ràn jù, òun náà ni kì í jẹ́ kí n sọ pé Among Us ti kú: Local. Ẹ kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì. Kí gbogbo fóònù kọ́kọ́ ṣe update nílé, kí ẹ sì ṣí géèmù náà lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú dátà kí ó lè fa ohun tó bá fẹ́ fà. Bí fóònù kan bá wà lórí ẹ̀dà àtijọ́, kò ní bá àwọn tó kù gbá. Èyí ló ń ba nǹkan jẹ́ jù níbi àpèjẹ. Lẹ́yìn náà, kí ẹnì kan tan hotspot, kí àwọn tó kù wọ inú rẹ̀, kí olùgbàlejò tẹ Local kó sì ṣí yàrá. Orúkọ rẹ̀ á yọ lójú fóònù àwọn yòókù. Bí kò bá yọ, kí ẹni tó tan hotspot kọ́kọ́ pa dátà rẹ̀. Bí kò bá tún yọ, ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn tó wà nínú hotspot náà ṣe olùgbàlejò, torí àwọn fóònù kan wà tí kì í rí ara wọn dáadáa bí ọ̀kan bá ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì. Lórí iPhone, ẹ lọ sínú Settings, ẹ wá Local Network, ẹ fún géèmù náà ní àyè. Ẹni tó bá ti kọ̀ ọ́ nígbà àkọ́kọ́ tó bi í kò ní rí yàrá kankan láéláé, á sì rò pé fóònù òun ló bàjẹ́. Kí olùgbàlejò má ṣe jáde. Bó bá jáde, yàrá tú.

Ó jẹ́ ọ̀fẹ́ lórí fóònù, pẹ̀lú ìpolówó ọjà láàárín eré. Lórí Steam, dọ́là márùn-ún ni. Ohun tí wọ́n ń tà fún owó ni aṣọ, fìlà àti ẹran ọ̀sìn kékeré, kò sì sí èyí tó ń fún ẹnikẹ́ni lágbára ju ẹnì kejì lọ. Mo yìn wọ́n fún ìyẹn. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ kò ní káàdì báńkì lè borí ọmọ olówó.

Kí wá ló lé èrò lọ? Lórí Steam, iye tó wà lẹ́ẹ̀kan náà ti jábọ́ láti 400,000 yẹn sí iye tí kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá rẹ̀. Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn, àwọn ènìyàn padà sẹ́nu iṣẹ́, pípe ẹni mẹ́wàá jọ fún wákàtí kan sì tún di ìṣòro. Àmọ́ kì í ṣe ìyẹn nìkan. Yàrá gbogbogbòò, níbi tí ẹ ti ń bá àlejò gbá, bàjẹ́ kíákíá. Ẹni tí kò bá ti jẹ́ ọ̀dàlẹ̀ á jáde lójú ẹsẹ̀. Èébú pọ̀. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2020, àwọn kan já wọ inú ọ̀pọ̀lọpọ̀ yàrá, wọ́n sì ń da ọ̀rọ̀ ìpolówó sí i títí eré fi bàjẹ́, nígbà tí ìwọ̀nba ènìyàn tó wà ní Innersloth ṣì ń wá bí wọn yóò ṣe ti ilẹ̀kùn. Ìwọ̀nba ènìyàn yìí kan náà ló ń kọ́ pápá tuntun. The Airship kò dé títí di ọjọ́ 31 oṣù Kẹta ọdún 2021, nígbà tí ọ̀pọ̀ èrò ti lọ. Àwọn ipò tuntun bí Scientist, Engineer àti Shapeshifter dé ní oṣù Kọkànlá ọdún 2021, Hide n Seek dé ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, pápá The Fungle sì dé ní oṣù Kẹwàá ọdún 2023. Hide n Seek yìí ni bojúbojú tí gbogbo wa mọ̀, ọ̀dàlẹ̀ ti hàn gbangba láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ kàn ń sá. Ó dára fún àwọn ọmọdé tí kò lè jiyàn pẹ́. Iṣẹ́ rere ni gbogbo rẹ̀. Ó kàn pẹ́ jù fún ìdajì bílíọ̀nù, ó sì tó fún àwọn tó kù.

Ẹ fi èyí wé FarmVille, géèmù oko dídá. Ilé-iṣẹ́ Zynga gbé e sórí Facebook ní oṣù Kẹfà ọdún 2009, kó sì tó pé ọdún kan, ó ti lé ní mílíọ̀nù 80 ènìyàn tó ń dáko lórí rẹ̀ lóṣù. Strawberry gba wákàtí mẹ́rin kó tó gbó, elégédé gba mẹ́jọ, àlìkámà gba ọjọ́ mẹ́ta, bí ẹ bá sì pẹ́ jù kí ẹ tó kórè, á rọ dànù. Aago yẹn ló ń mú kí ènìyàn jí lóru. Láti mú ilẹ̀ gbòòrò, ẹ nílò aládùúgbò, ìyẹn ọ̀rẹ́ Facebook tí ẹ ti bẹ̀ wọlé, tàbí kí ẹ fi owó gidi san án. Ó jọ àáró: mo bá ọ da ajílẹ̀ sóko, ìwọ náà á wá sí tèmi. Ṣùgbọ́n lóko àáró, a jọ ń kọrin, a jọ ń jẹun, a ń gbọ́ ìròyìn ilé ara wa. Nínú FarmVille, ẹ lè ṣe aládùúgbò ènìyàn fún ọdún kan láìsọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sí i. Ẹ ń tẹ bọ́tìnì fún un nítorí pé ó tẹ bọ́tìnì fún yín. Gbèsè ni ó so wọ́n pọ̀, kì í ṣe eré, àwọn ènìyàn sì máa ń sá fún gbèsè.

Ilẹ̀ náà kì í sì í ṣe ti Zynga. Àgbẹ̀ tó ń dáko lórí ilẹ̀ onílẹ̀ mọ ohun tí ìṣákọ́lẹ̀ jẹ́. Ní oṣù Kẹta ọdún 2010, Facebook dá ìfitónilétí tí àwọn géèmù ń fi ránṣẹ́ sí ènìyàn dúró, torí pé àwọn tí kì í dáko ti ń kígbe pé màlúù àjèjì ti kún ojú ìwé àwọn. Láti ọjọ́ 1 oṣù Keje ọdún 2011, Facebook sọ owó tirẹ̀, Facebook Credits, di dandan, ó sì ń yọ ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo ohun tí wọ́n bá tà. Zynga ta ìpín ìdókòwò rẹ̀ fún aráyé ní oṣù Kejìlá ọdún 2011 ní dọ́là mẹ́wàá fún ọ̀kan. Kí ọdún 2012 tó parí, iye rẹ̀ ti wọ ìsàlẹ̀ dọ́là mẹ́ta. Flash, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi kọ́ oko náà, jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ Adobe, ilẹ̀ ẹlòmíràn mìíràn. Ọjọ́ tí Adobe dáwọ́ Flash dúró, 31 oṣù Kejìlá ọdún 2020, ni FarmVille àkọ́kọ́ kú. Wọ́n ti dá rírà dúró láti ọjọ́ 17 oṣù Kọkànlá. Oko ọdún mọ́kànlá, igi, ẹran àti ilé, kò sí èyí tí ẹnikẹ́ni rí kó dání.

Draw Something kò tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ilé-iṣẹ́ OMGPOP gbé e jáde ní oṣù Kejì ọdún 2012. Ènìyàn méjì ló ń gbá a, ẹnì kan ya àwòrán, ẹnì kejì sọ ohun tó jẹ́. Ní oṣù Kẹta, Zynga ra ilé-iṣẹ́ náà ní nǹkan bí mílíọ̀nù 180 dọ́là. Láàárín bí oṣù kan, àwọn tó ń gbá a lójúmọ́ ti lọ sílẹ̀ láti nǹkan bí mílíọ̀nù 15 sí mílíọ̀nù 10, wọ́n sì ti ọ́fíìsì OMGPOP ní oṣù Kẹfà ọdún 2013. Méjì péré ni ó ń fẹ́, nítorí náà iye ènìyàn kọ́ ló pa á. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń yà ni kò pọ̀ tó. Nígbà tí ẹ bá ti ya “ìjàpá” fún ẹnì kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó ti mọ̀ ọ́n láti ìlà àkọ́kọ́, kò sì sí ohun tó kù láti bá ara yín sọ. Ohun tó ń yí padà láti inú eré kan sí òmíràn gbọ́dọ̀ wá láti ọ̀dọ̀ àwọn ènìyàn fúnra wọn, bí irọ́ tí ẹ̀gbọ́n yín pa fún yín nínú Among Us lánàá tí ẹ ó gbẹ̀san rẹ̀ lónìí.

Ludo King, tí Gametion ṣe ní India, rọrùn ju gbogbo wọn lọ láti fi ṣe ìdájọ́. Lúdò ti wà nílẹ̀ kí ilé-iṣẹ́ náà tó wà. Wọ́n kò kọ́ ẹnikẹ́ni ní òfin, wọ́n kàn gbé pátákó wá sí ojú fóònù, ẹ lè gbá a láìsí íntánẹ́ẹ̀tì nípa gbígbé fóònù kan fún ara yín, tàbí kí ẹ ṣí yàrá ìkọ̀kọ̀ pẹ̀lú kóòdù fún ẹni tó wà lókè òkun. Ohun tí yóò bí ọ̀pọ̀ wa nínú ni òfin rẹ̀. Níbí, dáìsì méjì la ń jù. Dáìsì kan ni tirẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ilé níbí, ọmọ lúdò tó bá pa ọmọ ẹlòmíràn á lọ sílé tààrà. Nínú Ludo King, ó dúró síbẹ̀ kó máa rìn lọ. Ẹ bá ara yín sọ ọ́ kí ẹ tó fi owó lé e lórí. Bí Gametion bá ti ilẹ̀kùn lọ́la, pátákó onígi tó wà lábẹ́ igi máńgòrò kò ní mọ̀.

Roblox, ibùdó kan tó kó ọ̀pọ̀ géèmù jọ, ti wà láti ọdún 2006, kò sì tíì rẹ̀ ẹ́, torí pé àwọn tó ń gbá a ló ń kọ́ géèmù inú rẹ̀. Ó tọ́jọ́ bí ọjà ṣe ń tọ́jọ́. Àmọ́ ilẹ̀ ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo ni gbogbo wọn kọ́lé sí, àlejò sì pọ̀ nínú ọjà náà. Òbí tó bá fi ọmọ sílẹ̀ níbẹ̀ gbọ́dọ̀ lọ sínú ètò òbí, kó ti ìfọ̀rọ̀ránṣẹ́ àlejò, kó sì fi òpin sí iye Robux, owó inú Roblox, tí ọmọ lè rà lóṣù.

Ní ti Among Us, ìdájọ́ mi ni pé òkìkí rẹ̀ ti lọ, kò sì ní padà bẹ́ẹ̀ mọ́. Géèmù náà fúnra rẹ̀ yóò wà pẹ́, torí pé fóònù mẹ́fà àti hotspot kan ti tó o. Bí ẹ bá ní ìdílé tàbí ẹgbẹ́ tó máa ń kóra jọ, ẹ gbà á sílẹ̀ lónìí, kò ní ná yín ní kọ́bọ̀ lórí fóònù. Bí ẹ kò bá ní ẹni mẹ́fà tí ẹ mọ̀, tí ẹ fẹ́ máa bá àlejò gbá, ẹ má ṣe ra ti Steam. Fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 13, Quick Chat nìkan ni wọ́n fún un láti fi sọ̀rọ̀, ìyẹn gbólóhùn tí wọ́n ti tò sílẹ̀. Ó dára fún ààbò, ṣùgbọ́n ó gba adùn ìjiyàn, nítorí náà ẹ bá a gbá Local nínú pálọ̀ kí ó lè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Gbòǹgbò eré yìí sì ti pẹ́ ju Innersloth lọ. Dimitry Davidoff ló dá Mafia, eré tí wọ́n ń fi ẹnu lásán ṣe, sílẹ̀ ní Moscow ní ọdún 1986, láìsí ẹ̀rọ kankan, òun sì ni Among Us gbé wọ inú ọkọ̀. Bí iná bá lọ tí bátìrì gbogbo fóònù sì kú, ẹ mú káàdì Whot. Fún ẹni mẹ́jọ, kí ẹnì kan ṣe adarí, kí ó ka káàdì méje jáde: Whot 20 méjì fún ọ̀dàlẹ̀, àti márùn-ún mìíràn tó jẹ́ yípo tàbí ìràwọ̀ fún ọmọ ọkọ̀. Kí ó pò wọ́n, kí ó pín wọn ní dídojúdé. Kálukú á wo tirẹ̀, á sì fi í pamọ́. Adarí á ní kí gbogbo yín dijú, á ní kí àwọn tó mú 20 lajú, kí wọ́n nàka sí ẹni tí wọ́n fẹ́ pa láìfọhùn, kí wọ́n tún dijú. Á wá ní kí gbogbo yín lajú, á dárúkọ òkú, á sì fún yín ní ìṣẹ́jú mẹ́ta láti jiyàn kí ẹ tó nawọ́ dìbò. Kí àwọn tó mú 20 ṣọ́ra kí àga wọn má dún nígbà tí wọ́n bá ń nàka.